Ṣé ṣọ́ọ̀bù la wá wò ní Gísà ni?

Ó sú mi o! Kí ló dé tí àwọn tó ń kó èrò lọ wo pírámíìdì Gísà ní Íjíbítì kì í jẹ́ kí èrò rí pírámíìdì wò? Bọ́ọ̀sì á gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà, wákàtí kan gbáko. Ó tún di ṣọ́ọ̀bù pápírọ́ọ̀sì, ìwé tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ máa ń fi ewéko ṣe. Ẹ̀gúnjẹ ló fà á: ọlọ́jà ń fún amọ̀nà lówó lórí ohun tí ẹ bá rà.

Ìgbà tí ẹ máa fi dé ìdí pírámíìdì Khufu, ọba Íjíbítì àtijọ́, tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn, oòrùn ti kanrí, wọ́n á ní ìṣẹ́jú 40 péré lẹ ní. Ìṣẹ́jú 40! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tó mítà 230. Ẹni tó bá rìn yí i po ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin kìlómítà kan. Tíkẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ sì tún yàtọ̀ sí ti ẹnu géètì, wọn kì í sọ ọ́ títí ẹ ó fi débẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: wákàtí mẹ́ta ní Gísà, láìsí ṣọ́ọ̀bù kankan. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.