Aṣọ Kò Bá Ọmọ́yẹ Mọ́

Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìn ìhòòhò wọjà. Nígbà tí aṣọ ì bá bo àṣírí, kò sẹ́ni tó nà án sí i. Ìgbà tí ọjà ti rí i tán ni wọ́n ń tú àpótí. Bí ọ̀ràn àwọn Mi'kmaq, onílẹ̀ Nova Scotia ní Kánádà, ṣe rí nìyẹn.

Àrùn ló kọ́kọ́ tú wọn ká. Membertou, olórí wọn ní Port Royal tí àwọn Faransé tẹ̀dó sí, sọ fún àwọn Faransé pé nígbà èwe òun, èèyàn òun pọ̀ bí irun orí. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa òun náà ní 1611. Ní 1746, ọkọ̀ ogun Faransé gbé ibà táífọ́ọ̀sì dé Chebucto, tó di Halifax lónìí, ó sì pa àwọn Mi'kmaq rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn náà, àwọn òyìnbó àtìpó gba igbó àti odò tí wọ́n fi ń jẹun.

Ìrànwọ́ wo ni ìjọba wá ṣe? Ní 1841, olóyè Paussamigh Pemmeenauweet kọ lẹ́tà sí Ọbabìnrin Victoria pé òun ti darúgbó, ọkọ̀ òun sì kéré jù láti la òkun kọjá wá bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ẹran ìgbẹ́ ti tán. Bí òtútù bá mú, àwọn kò lè gé igi kan dáná àfi bí òyìnbó bá fẹ́. Ẹ̀bùn tó kù fún wọn ni kúbùsù kékeré kan fún odindi ìdílé. Ẹ rò ó wò: ìyá, bàbá àtàwọn ọmọ lábẹ́ kúbùsù kan, nínú yìnyín, nítòsí igi tí baba ńlá wọn ń gé láìtọrọ àṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín ìrànwọ́ fún ẹni tí àjálù lé kúrò nílé, ẹ má ka iye kúbùsù kí ẹ tó bi í pé kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní igi tirẹ̀ á dáná yá. Mo gbà pé kúbùsù dára. Síbẹ̀, kò tó ohun tí a fi ń san igbó.

Lẹ́tà náà mú kí Lọ́ńdọ̀nù béèrè ọ̀rọ̀. Òfin kan lórí ọ̀rọ̀ àwọn Mi'kmaq jáde ní 1842, Joseph Howe, olóṣèlú kan ní Nova Scotia, sì di kọmíṣánnà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní 1845 àrùn ba ọ̀dùnkún jẹ́, ibà tún ṣẹ́ yọ. Abraham Gesner, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ kẹrosínì tí à ń tàn sí àtùpà, ni kọmíṣánnà lẹ́yìn náà. Ebi àti àìsàn ló kún ìròyìn tó kọ ránṣẹ́ sí ìjọba.