Ẹyẹ Òkun Kọ́ Ni Mo Ń Bá Wí

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni igbe àwọn ẹyẹ òkun ti máa ń jí mi, mo sì ti mọ̀ láti orí ibùsùn pé wọ́n tún ti tú ọ̀rá pàǹtí ẹnì kan sójú títì. Ní ìlú kékeré etíkun tí yunifásítì wà yìí, bí ọjọ́ tí ọkọ̀ ń kó pàǹtí bá ti ku ọ̀la, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbé ọ̀rá tiwọn síta láti ìrọ̀lẹ́, láìdì í dáadáa, láìsì gbé e sínú ike onídèrí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn gan-an. N kò bínú sí ẹyẹ. Ẹyẹ tó ń mu omi òkun, tí ẹ̀yà ara kékeré kan lókè ojú rẹ̀ ń ti iyọ̀ inú omi náà jáde gba imú, ṣé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò dá a dúró?

Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ẹyẹ yìí máa ń lọ́ra láti sún mọ́ oúnjẹ bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ọn. Ó dára, ta ni yóò wá máa ṣọ́ pàǹtí ní aago márùn-ún ìdájí? Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń yọ bébà tó rin gbingbin kúrò nídìí bàtà mi, ẹni tó ni ọ̀rá náà ń lọ sí kíláàsì, ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì fo pàǹtí ara rẹ̀ kọjá bí ẹni fo ọ̀gbàrá.