Ìjàkadì Ọmọ Ọ̀fà Pẹ̀lú Òrùlé Òyìnbó

Bọ̀dá mi, ẹ gbé ìwé owó páánù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí i. Lọ́ǹgí-sípáànù aláwọ̀ búlúù, ìṣó, pákó, owó káfíńtà, owó oúnjẹ káfíńtà. Mi ò tíì fẹnu kan omi látìgbà tí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn bí a ṣe ń rí owó náà.

Ẹ ti sọ fún gbogbo Ọ̀fà pé London ni mo wà. Newcastle ni. Ẹ̀yin gan-an sún mọ́ Èkó ju bí mo ṣe sún mọ́ London lọ. Lóru, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Lọ́sàn-án, iṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá fi lọ̀ mí, "Mo mọ̀ ọ́n ṣe" ni. Ìyẹn ló kó bá mi.

Màmá òyìnbó kan ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, conservatory ni wọ́n ń pè é. Ògiri gíláàsì, òrùlé ike. Nígbà ooru, iṣu á jinná níbẹ̀ láìdáná. Nígbà òtútù, ajá ò ní wọ̀ ọ́. Màmá ní oòrùn ń pa òun, òun fẹ́ blinds sábẹ́ òrùlé, aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, tí okùn fà le. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Òrùlé ọ̀hún ò gún bíi tèèyàn. Wọ́n gé iwájú rẹ̀ sí apá 5, níbi tí apá kan bá sì ti pàdé èkejì, ojú ibẹ̀ á di onígun mẹ́ta, á ṣóńṣó lókè, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbọ́dọ̀ wọn ìbú ojú kọ̀ọ̀kan, ká mú èyí tó kéré jù. Ní mílímítà o! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tiṣẹ́ òru dé, mo wọn ti apá òsì, mo wo ti apá ọ̀tún, mo ní ìbejì ni wọ́n. Mo bá kọ "méjì-méjì" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é.

Bàtà ni wọ́n, Bọ̀dá, wọn kì í ṣe ìbejì. Ti ẹsẹ̀ òsì nìkan ni wọ́n kó wá. Kí n yí i sódì ńkọ́? Ó lójú, ó lẹ́yìn. Kí n dá a padà? Ohun tí wọ́n bá gé mọ́ ìwọ̀n rẹ, tìẹ ni títí ayé. Pọ́n-ùn 340, nínú àpò èmi yìí.

Ni mo bá ní tipátipá ni yóò fi wọ̀ ọ́. Ṣebí ìjàkadì lorò Ọ̀fà? Mo gun àkàsọ̀, mo feyín di okùn mú, mo fà á. Okùn já. Blinds rọ́ lù mí, ó wé mi bí ẹ̀kọ inú ewé. Mo ní kí n gbé e ṣánlẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ́ mi. Ajá ń gbó. Inú gíláàsì sì la wà, gbogbo àdúgbò ti tò sórí ọgbà. Ọmọdé kan ń pàtẹ́wọ́. Mo lè búra pé pásítọ̀ wọn wà níbẹ̀, tó ń ta tẹ́tẹ́ pé blinds ló máa wọlé. Ó sì jẹ owó rẹ̀.

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo wà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá, òjò lórí ike yẹn, páánù ilé yìí gan-an ni. Ọdún 7 ni mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ilé tí mò ń gbé, òjò kì í dún lórí ẹ̀. Mi ò dìde. Mò ń retí kí Ìyá ké pé ta ló máa gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò. Owó ibi tó ń jò yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi í ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé fóònù sí Ìyá létí kí n dágbére, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú abọ́ náà.

Ẹ má wolẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jókòó.

Màmá gbé tíì wá bá mi nílẹ̀, ó ní ṣé kò sí wàhálà, olólùfẹ́? Olólùfẹ́ ni wọ́n ń pe gbogbo èèyàn níbẹ̀, títí kan ẹni tó fẹ́ ya òrùlé wọn. Lọ́jọ́ kejì ó pe ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n ò tíì hù. Ìyẹn fi pépà gé àwòṣe igun kọ̀ọ̀kan, ó lọ. Nígbà tó kó tiẹ̀ dé, kò lò tó wákàtí méjì.

Páánù mélòó lẹ pè é? Ẹ gbé tépù wá, èmi náà ni mo máa gùn ún wọ̀n. Ẹ di àkàsọ̀ yẹn mú dáadáa. Bọ̀dá, ẹ sọ òótọ́ fún mi kí n tó gòkè: ṣé kò sí igun mẹ́ta kankan lórí ilé yìí?