Ìrìn Ẹ̀sọ̀, Aṣọ Ẹbí Wà

Ní Àbújá báyìí, ẹni tó bá sọ pé Dubai lòun ti lọ gbafẹ́, ojú àánú la fi ń wò ó. Dubai ti di ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rówó. Àwọn tí owó ti mọ́ lára, àtàwa tí à ń fara wé wọn, ìrìn ẹ̀sọ̀ là ń rìn. Slow travel ni wọ́n ń pè é lórí Instagram. Èèyàn á gbéra ní Gwarinpa, á gba ibi tí ọ̀dà kò dé lọ, á lọ bá àwọn ará òkè jókòó, á jẹ ohun tí wọ́n bá jẹ, á wo ẹranko láìyọ ọ́ lẹ́nu, á wá padà wálé wá sọ fún wa pé ojú òun ti là. Kò gbọdọ̀ kánjú. Kò gbọdọ̀ da ọ̀rá sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ya ọmọ ọlọ́mọ ní fọ́tò láìgbàyè. Kò gbọdọ̀ pariwo létí erin.

Òfin náà dáa, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tó bá wọlé onílé tí kò kí i, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, ì báà jẹ́ ààfin ló wọ̀, ì báà jẹ́ ahéré. Àwọn tí òfin náà bọ́ sí lọ́wọ́ ni wàhálà mi. Kò sí ohun tí ọmọ Yorùbá Àbújá máa gbọ́ pé jẹ́jẹ́ là ń ṣe é, tí kò ní yan alága, akọ̀wé àti akápò sí i.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Kubwa tí mi ò ní dárúkọ, torí wọ́n mọ ilé mi. Ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lórí Yankari, igbó ẹranko tó wà ní Bauchi, aṣọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ mú káàkì wá, ó ní àwọn tó mọ̀ nípa igbó sọ pé aṣọ tó bá ń kọ mànà máa ń dẹ́rù ba ẹranko. Gbogbo ilé kan sáárá sí i. Kí ìpàdé tó tú, káàkì ti ní léèsì létí ọwọ́, gèlè ti bá a wá, fìlà àwọn ọkùnrin sì ti di abetí ajá. Owó aṣọ yìí ju owó yàrá lọ, ó ju owó ẹ̀ṣọ́ igbó tó máa mú wa kiri lọ. Ti àwọn ará abúlé, ẹnikẹ́ni ò tíì dá a. Akápò wá dìde, ó ní ẹ̀bùn ńkọ́? Ṣé ọwọ́ òfo la máa fi lọ bá àwọn èèyàn ni? Ni wọ́n bá ṣe abọ́ rọ́bà, wọ́n tẹ àwòrán Alága sí ìdí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé: Ẹ JẸ́ KÍ IGBÓ WÀ LÁÌLÁBÀWỌ́N. Abọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ti Kubwa yìí, mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́.

Ohun tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀sọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Dírẹ́bà tó ń kó wa láti Ìbàdàn wá sí Àbújá ti ń ṣe é tipẹ́. Tírélà á dábùú ọ̀nà ní Ọbájánà, a ó sùn mọ́jú síbẹ̀, a ó bá àwọn ará abúlé jókòó sórí bẹ́ńṣì, a ó jẹ ẹ̀wà wọn, a ó mọ orúkọ àwọn ọmọ wọn. Ojú wa là dáadáa. Kò sẹ́ni tó gbé e sórí Instagram, èpè là ń ṣẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí à ń lọ Yankari (mo bá wọn lọ, torí owó aṣọ tí mo ti san kì í padà), tí a gba Keffi, Akwanga àti Jos já sí Bauchi, tí a tún yà ní Dindima kí a tó dé géètì Mainamaji, Alága tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ò dákẹ́: "Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́! Ṣé o fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa ni?"

Ibi ńlá ni Yankari. Láti 1956 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún ẹranko, ní 1962 ni wọ́n ṣí i fún àlejò, ó sì fẹ̀ ju 2,200 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Omi Wikki tó ń sun níbẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tọ̀sán-tòru, tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Erin tó ṣẹ́kù sínú igbó náà ló pọ̀ jù ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn, ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí omi ti tán níbòmíràn, tí wọ́n ń wá mumi létí odò Gaji. Àwa lọ ní oṣù kẹjọ, torí ìgbà yẹn ni iléèwé gba ìsinmi. Koríko ga ju èèyàn lọ. Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ gbogbo ayé pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìgbà àti àsìkò igbó, kàlẹ́ńdà àwọn ọmọ ló fi wá. Nígbà tí a ò rí erin kankan, Alága bínú sí ẹ̀ṣọ́ igbó. Ó ní ṣé kò lè pè wọ́n ni.

Ohun tó wá láìpè ni ọ̀bọ. Àwọn baboon ló ni àgọ́ Wikki, àlejò kàn ń sanwó níbẹ̀ ni. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa: ẹ ti fèrèsé, ẹ má mú oúnjẹ dání níta, ẹ má fún ọ̀bọ ní nǹkan kan. Àwọn ọ̀bọ yẹn ò gbé olè jíjà wáyé. Àlejò tó ń ju búrẹ́dì sí wọn kó lè rí fọ́tò yà ló kọ́ wọn. Ìyá Ẹgbẹ́ gbọ́, ó mirí, ó ṣí kúlà. Akọ ńlá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Kò sáré. Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló rin ìrìn ẹ̀sọ̀. Ó wá sídìí tábìlì, ó wo ojú Alága, ó mú itan adìyẹ kan, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún na ọwọ́ mú mọ́ínmọ́ín, ó tú ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yọ ẹyin inú rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi ẹyin kádìí rẹ̀. Mo mọ ọkọ ìyàwó tí kò lè jẹun níwájú àna rẹ̀ báyẹn. Ìyá Ẹgbẹ́ figbe ta, ó ní kí wọ́n pe máníjà. Ẹ̀ṣọ́ igbó wò ó, ó ní, "Hajiya, gidansa ne." Ilé rẹ̀ ni, ló ń wí. Nígbà tí ọ̀bọ náà lọ, ewé ló fi sílẹ̀. Ike omi, fóòkì rọ́bà àti ọ̀rá lèyí tó kù nílẹ̀, àwa la ni ín.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú wa lọ kí àwọn àgbẹ̀ tó wà létí igbó. Erin ò mọ ibi tí ìjọba fa ààlà sí. Bí oko bá ti ń gbó, á jáde wá jẹ tirẹ̀. Alága jókòó sórí òkúta, ó sọ ohùn rẹ̀ di jẹ́jẹ́, ó ní kí ògbufọ̀ bi bàbá kan bó ṣe ń rí lára rẹ̀ láti máa gbé pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀dá Ọlọ́run láìsí odi. Bàbá rò ó díẹ̀. Ó ní, "Wọ́n jẹ àgbàdo mi." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Instagram, ó ti di pé bàbá arúgbó kan kọ́ wa pé kò sí ohun tó jẹ́ tiwa láyé.

Wọ́n gbé tuwo àti miyan kuka wá fún wa lálẹ́. Akápò béèrè bóyá ewédú wà. Onílé kan gbé ibùsùn rẹ̀ fún Alága, òun àtìyàwó rẹ̀ lọ sùn sídìí ààrò. Láàárọ̀, Alága sọ fún wa, omi ń lé ròrò lójú rẹ̀, pé ó ya òun lẹ́nu bí àwọn èèyàn yìí ò ṣe nílò nǹkan púpọ̀ kí wọ́n tó láyọ̀.

Àwọn tó ń lọ sókè Alantika ní Adamawa tún wà lọ́tọ̀. Ibẹ̀ làwọn Koma ń gbé, létí ààlà Cameroon. Ní 1986, ìròyìn gba Nàìjíríà kan pé agùnbánirọ̀ kan ti ṣàwárí wọn, pé ewé ni wọ́n fi ń bora. Koma ò sọnù o. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà, oko wọn wà níbẹ̀, ibojì baba wọn wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá ti ra bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè ló ń lọ ṣàwárí wọn lákọ̀tun. Aládùúgbò mi kan ti ibẹ̀ dé tìbínú-tìbínú. Ó ní àṣà wọn ti bàjẹ́ pátápátá, pé ọmọkùnrin tó wá pàdé òun, jẹ́sì Arsenal ló wọ̀. Jẹ́sì Chelsea ló wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó tún búra pé òun tọrọ àyè kí òun tó ya ẹnikẹ́ni. Mo wo fóònù rẹ̀. Fọ́tò ibi tó ti ń tọrọ àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìkẹfà ni.

Ní Sukur, ìlú orí òkè ní Adamawa, tí UNESCO fi sínú ogún àgbáyé ní 1999, ṣáájú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo tó wọlé ní 2005, ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ni wọ́n ń fẹsẹ̀ gùn dé ààfin Hidi, ọba wọn. Ohun tí Alága tiwa kọ́kọ́ béèrè nípa ibẹ̀ ni bóyá jíìpù lè gùn ún. Àwọn tó ti gboyè nínú ìrìn ẹ̀sọ̀, Gashaka-Gumti ni wọ́n ń lọ, ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó tóbi jù ní Nàìjíríà, láàárín Taraba àti Adamawa. Chimpanzee wà níbẹ̀. Chappal Waddi náà wà níbẹ̀, òkè tó ga jù lórílẹ̀-èdè yìí, mítà 2,419. Wọ́n ní àwọn ń lọ síbẹ̀ kí àwọn lè bọ́ lọ́wọ́ fóònù. Wọ́n á gun òkè náà dé ṣóńṣó, wọ́n á wá na fóònù sókè, wọ́n á máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n máa fi sọ fún wa pé àwọn ti bọ́.

Bí a ṣe ń bọ̀ láti Bauchi, bọ́ọ̀sì ṣàdédé dúró. Òyà yíyan ló so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Alága ra méjì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹranko tí a tìtorí rẹ̀ wọ káàkì kọ́ nìyí?" Ó ní, "Àbúrò, èyí ti kú kí n tó dé."

Èmi ì bá fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀rín, bí kì í bá ṣe ti àwọn Gbagyi, àwọn tí a ń pè ní Gwari. Nígbà tí ìjọba ológun gé ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀ ní oṣù kejì 1976, àwọn àti Koro, Gade, Bassa àtàwọn míì ló wà lórí rẹ̀, tàwọn toko wọn. Wọ́n kó àwọn ará Wuse lọ sí Sabon Wuse ní ìpínlẹ̀ Niger. Wọ́n kó àwọn ará Maitama wá sí Kubwa. Ìrìn-àjò tiwọn nìyẹn, kò ní àbọ̀. Ìjọba kó dé láti Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, àwa náà tẹ̀ lé e, a mọlé sórí ebè iṣu wọn, ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú ṣì wà nílẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ń wá ọmọ onílẹ̀ tó fẹ́ bá jókòó, ẹnu géètì Alága ló wà.

Mo rí i níbẹ̀: ìyá àgbàlagbà kan tó ru iṣu léjìká. Èjìká ni Gbagyi fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lérí. Ní Bauchi, Ìyá Ẹgbẹ́ ti wàásù fún wa nínú bọ́ọ̀sì pé a kì í ná ọjà lọ́wọ́ ará abúlé, pé ìwọ̀sí ni. Ìyá yìí ní iṣu mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìyá Ẹgbẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. "A'a, Hajiya." Ìyá Ẹgbẹ́ gbé ọ̀kan, ó fi èékánná họ ọ́ nídìí, ó ní ó ti ń rà. Ìyá náà gba iṣu rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ibi tí wọ́n ti họ ọ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Ìyá Ẹgbẹ́ tún béèrè ènì.

Gbagyi ni Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ogún náírà, owó tí alágbe Wuse gan-an kì í gbà mọ́. Wọ́n ń mọ ìkòkò ní Ushafa náà, lágbègbè Bwari. Bill Clinton dé ibẹ̀ ní 2000, nígbà tó ṣì wà lórí oyè ní Amẹ́ríkà. Láti Washington lòun ti wá. Láti Kubwa, ọ̀nà rẹ̀ ò jìn rárá, bóyá ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará Ushafa: wọn ò jìnnà tó ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún.

Wọ́n ti kéde lórí WhatsApp pé Mambilla, lórí òkè ní Taraba, ló kàn. Mo rọra kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ẹ̀yin àgbà, ká tiẹ̀ kọ́kọ́ ya Ushafa lọ́jọ́ Sátidé kan, ká fẹsẹ̀ rìn, ká ra ìkòkò ní iye tí wọ́n bá pè é, ká bá wọn jẹun. Àwọn kan fi ojú ẹ̀rín sí i. Alága ló fèsì: "Ushafa kẹ̀? Ibi tí dírẹ́bà mi ń gbé?"