Ẹ wo iná kí ẹ tó béèrè iye owó: èrò ọkàn mi lórí asun Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, wá bá wa ṣe ìgbéyàwó kan ní Àkúrẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ mí ni pé kí n mú àwọn dé ibi tí àwọn ti lè jẹ ojúlówó asun, nítorí láti kékeré ni àwọn ti ń gbọ́ pé àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ni ín. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè lálẹ́ ọjọ́ náà, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí bá mú wọn lọ sí ilé ìtura ńlá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Wọ́n gbé àwo funfun wá fún wọn, kábéèjì wà lábẹ́, ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n ti bọ̀ tí wọ́n sì tún fi òróró dín wà lórí rẹ̀, ata díẹ̀ ni wọ́n fi pa á lára. Nígbà tí a pàdé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, “Àna mi, ṣé asun yìí náà ni ẹ ti fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí?” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe àìsí ẹran sísun tó dára ló ń jẹ́ kí àlejò kúrò ní ìlú wa láìjẹ ẹ́. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò ni a máa ń ṣì wọ́n lọ́nà, nítorí a gbà pé àlejò pàtàkì gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga tìmùtìmù. Bẹ́ẹ̀, ẹran sísun kò mọ àga tìmùtìmù. Iná ló mọ̀, àti ọwọ́ ẹni tó ń yí i padà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí asun jẹ́, nítorí orúkọ náà ti ń rìn kiri. Ẹran òbúkọ tàbí ewúrẹ́ ni, awọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, orí iná ni ó sì ti ń jinná. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ọ́ tán: ohun tí a sun ni. Ẹran màlúù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú ata díndín, pọ̀nmọ́ aláta, ìgbín aláta, gbogbo wọn ni àwọn ilé oúnjẹ kan ń pè ní asun báyìí, mo tilẹ̀ ti rí ibi tí wọ́n ti pe adìyẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè dùn, èmi náà a máa jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi orúkọ olórúkọ sílẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, kí àwọn ará ilé mi má ṣe bínú sí mi, ṣùgbọ́n bí asun bá ni àlejò ń wá tọkàntọkàn, ìlú Oǹdó ni mo máa ń darí rẹ̀ sí. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń lọ bá. Kò sí pátákó kankan níwájú ìsọ̀ wọn, àga onípákó méjì àti páànù tí wọ́n fi bo orí iná ni gbogbo ohun tí ẹ máa rí. Bí mo bá dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti wi irun ara ẹran náà tán, wọ́n á ti fi ọ̀bẹ ha awọ rẹ̀ títí tí yóò fi mọ́, wọ́n á sì ti fọ̀ ọ́. Wọ́n á là á láyà, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí àwọ̀n irin. Ẹ̀yín iná ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iná tó ń jó lala, nítorí iná tó ń jó lala a máa sọ ẹ̀yìn ẹran di dúdú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì wà ní tútù. Ọ̀rá á máa kán tó, tó, tó sórí ẹ̀yín iná náà, èéfín tí ó sì ń ti ibẹ̀ rú ló ń padà wọ inú ẹran. Adùn tí ìkòkò kò lè fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ẹran tí wọ́n ti bọ̀ kí ó tó kan iná kì í fi í dà bí asun bó ti wù kí wọ́n ta á ní ata tó.

Bàbá yìí kì í kánjú. Mo ti jókòó tì wọ́n ju wákàtí kan lọ rí, tí ebi ń pa mí, tí wọ́n kàn ń fi irin yí ẹran padà, tí wọ́n sì ń bá mi sọ̀rọ̀ kòkó. Nígbà tí ó bá tó àkókò, wọ́n á gbé e sórí kùkùté igi tí wọ́n fi ń gé ẹran, wọ́n á fi àdá kékeré gé e wẹ́wẹ́, ẹ ó sì máa gbọ́ bí awọ rẹ̀ ṣe ń ró lábẹ́ àdá. Lẹ́yìn náà ni ata rodo àti àlùbọ́sà tí wọ́n gún láìjẹ́ kí ó kúná yóò tó dé, pẹ̀lú iyọ̀ àti òróró díẹ̀, wọn yóò sì fi ọwọ́ dà á pọ̀ nínú abọ́ ńlá. Wọn kì í da ata sí i lórí iná, nítorí ata tó bá jóná a máa korò. Ẹni tó bá fi kan ẹnu, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣomi, imú á tẹ̀lé e, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì tún padà sínú abọ́. (Mo ti rí ẹni tó ní kí wọ́n má fi ata sí tòun. Bàbá náà wò ó títí, wọ́n ní kí ó lọ ra ẹran bíbọ̀.)

Kí n tó wá ṣe bí ẹni tí ń ta ìlú rẹ̀, Àkúrẹ́ náà ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá láti Ọ̀wọ̀, láti Àkókó, láti Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, àti láti Èkìtì tó jẹ́ ara wa títí di ọdún 1996, ẹnu oríṣiríṣi ni àwọn tó ń dáná fún ọ̀pọ̀ yìí sì ń bọ́. Ìdí nìyí tí agbègbè Alágbàká, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wà, fi máa ń ta sánsán lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ní tèmi, ẹja àrọ̀ sísun ni Àkúrẹ́ fi ju Oǹdó lọ. Ẹ máa yan ẹja yín láàyè nínú omi, kí wọ́n sì sun ún lójú yín; ẹja tí wọ́n ti sun sílẹ̀ láti ọ̀sán tí wọ́n kàn ń gbé padà sórí iná, ara rẹ̀ a máa gan bí igi. Lójú Òpópónà Oyèmẹ́kùn, ẹ ó rí adìyẹ àti ẹja lálẹ́ láìpẹ́ rìn. Àwọn tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹnubodè FUTA ni kí wọ́n lọ. Láti ọdún 1981 tí wọ́n ti dá yunifásítì yẹn sílẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá ọlọ́jà ná owó níbẹ̀, kò sì sí ọlọ́jà tó lè fi gízáàdì tí kò jinná tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Súyà kì í ṣe tiwa, ọwọ́ àwọn Hausa la ti kọ́ jíjẹ rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ṣì ń rà á. Yájì tí wọ́n fi ń bo ẹran náà, èyí tí wọ́n fi kúlìkúlì, atalẹ̀ àti ata gbígbẹ ṣe, ló ń sọ irú súyà tó jẹ́: bí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀, òórùn epo ẹ̀pà tó ti bàjẹ́ ni yóò máa wá síni nímú. Bọ̀ọ̀lì àti àgbàdo sísun wà níbi gbogbo, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò ní fi ṣeré. Àwọn kan a máa fi táyà àlòkù wi irun ẹran nítorí pé ó yá ju igi lọ. Èéfín táyà ní májèlé tí ń wọ inú awọ ẹran, fífọ̀ kò sì lè mú un kúrò; àwọn elétò ìlera ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí ẹ bá gbóòórùn rọ́bà tó ń jó nítòsí ìsọ̀ kan, kódà bí èrò bá tò síbẹ̀ dé ojú títì, ẹ máa bá tiyín lọ. Ìdí tí mo fi sọ pé kí ẹ wo iná kí ẹ tó béèrè iye owó nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá ti fi ìdáná pamọ́ sẹ́yìn ilé, tí oúnjẹ kàn ń jáde wá látinú yàrá, kí ló dé tí wọn kò fẹ́ kí ẹ rí i?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tún wà ńbẹ̀. Àlejò fẹ́ràn láti wá asun jẹ ní ọjọ́ Sátidé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sátidé gan-an ni àwọn tó mọ̀ ọ́n sun jù kì í sí ní ìsọ̀ wọn, torí òde ìnáwó ti gbà wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ wọn ni ẹ ó bá. Ọjọ́ Ẹtì tàbí ọjọ́ Àìkú ló dára jù. Àwọn tó bá sì lọ gun òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, kí wọ́n jẹ nǹkan díẹ̀ kí wọ́n tó padà sí Àkúrẹ́, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í lè yan iná, ibi àkọ́kọ́ tó bá rí ni yóò yà sí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìgbéyàwó yẹn, mo wa ọkọ̀ gbé àna mi lọ sí Oǹdó. Wọ́n jókòó sórí àga onípákó pẹ̀lú agbádá òde wọn, èéfín ń bá wọn lójú, wọn kò sì sọ̀rọ̀ títí abọ́ fi mọ́. Wọ́n ní kí bàbá náà di òmíràn fún àwọn, pé ìyàwó àwọn ní Abẹ́òkúta ni àwọn fẹ́ gbé e fún. A kò tíì dé Bọ́lọ́rundúró tí mo fi gbọ́ tí ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi dì í ń pariwo lẹ́yìn ọkọ̀. Mo wojú dígí, mo rí i pé wọ́n ti tú u. “Àna mi,” ni wọ́n wí, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àbúrò mi.”