Irọ́ Ni Pé Ilé Ìwé Ti Parí Fún Ọmọbìnrin Tó Bá Ti Bímọ

"Ó ti fẹ́ra kù, ilé ìwé parí nìyẹn." Bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń dá ẹjọ́ náà nìyẹn kí oyún tó hàn síta rárá. Wọ́n á kó ẹrù ọmọbìnrin náà lọ sílé ọkùnrin tó fún un lóyún, tàbí kí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Ẹ bi wọ́n ní ìdí, wọ́n á ní òfin ilé ìwé ni. Òfin wo?

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn náà ti sọ di tiwọn, kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 15 rẹ̀ ní kí wọ́n fún ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́ láàyè láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá bímọ, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Abala 21 ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ọdún 16 tí wọ́n lé lọ sílé ọkùnrin kì í ṣe ìyàwó lójú òfin. Ọmọdé tó pọn ọmọ ni. Ọ̀kan lára àwọn ìjọba tó kéde ìfòfindè lóòótọ́ ni ti Sierra Leone, tó ní kí aboyún má wọ kíláàsì ní 2015. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́bi ní 2019, ìjọba sì mú un kúrò ní 2020.

Ohun tó ń lé àwọn ọmọ wa sẹ́yìn gan-an ni ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Ọmọ tó kàn pòórá, wọ́n á ti fa orúkọ rẹ̀ yọ nínú rẹ́jístà. Tó bá padà dé, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Kí òbí kọ lẹ́tà kí ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀: orúkọ, kíláàsì, ọjọ́ tó ń lọ, àsìkò tó fojú sí láti padà. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ ṣe, kí ilé ìwé lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba èsì táàmù tó parí mọ́ ọn. Bí ojú bá ń ti ọmọ láti padà síbẹ̀, ìwé wọ̀nyí náà lẹ máa fi tọrọ lẹ́tà ìyípadà sí ilé ìwé mìíràn. Bí ọ̀gá bá ní òun ò gbà á, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń fẹnu sọ "rárá" kì í fẹ́ fọwọ́ sí i. Láti ibẹ̀, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló kàn.

Orúkọ tún ni ìṣòro. Àwọn kan forúkọ ọkùnrin náà gba NIN, bẹ́ẹ̀ orúkọ bàbá wọn ló wà lórí ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe JAMB ni wọ́n máa mọ̀ pé orúkọ ti di méjì, torí NIN ni JAMB ń mú orúkọ látinú rẹ̀. Ìbúra nílé ẹjọ́, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, àtúnṣe NIN: owó àti àkókò ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ orí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lórí NIN látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmú ńkọ́? Ọmọ lè mu omi ọmú tí ìyá fún sínú ife sílẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Wákàtí mẹ́rin ló lè wà níta níbi tí ooru kò bá ju ìwọ̀n 25 lórí Celsius lọ, ṣùgbọ́n yàrá tiwa máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú fìríìjì, ọjọ́ mẹ́rin. Ife tó mọ́ sàn ju fídà lọ, torí ó rọrùn láti fọ̀.

Èyí tó ti dàgbà kọjá yúnífọ́ọ̀mù kò nílò kíláàsì. WAEC ń ṣe ìdánwò àdáṣe ní January sí February, ó tún ń ṣe é ní ìdajì kejì ọdún. Ti NECO máa ń bọ́ sí November. Kírédíìtì márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ń béèrè, a sì lè fi ìjókòó ìdánwò méjì pé e. NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ téèyàn ti lè kẹ́kọ̀ọ́ látilé, kì í béèrè ìdánwò JAMB, ibùdó rẹ̀ sì wà káàkiri. Ìkìlọ̀ kan: kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó, ìdánwò rẹ̀ náà sì ní owó tirẹ̀. Ẹni tó kó kọ́ọ̀sì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà láìní owó ìdánwò ti dá ara rẹ̀ dúró.

Wọ́n tún máa ń ní ẹni tí kò lọ́kọ nílé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ láwùjọ. SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé ìjọba, ní ààyè fún aṣojú àwọn obìnrin àti òbí, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ìgbéyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tó bá wọlé síbẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtìjú. Kó mú ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè kọ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé wá: pé kí orúkọ ọmọ tó lọ bímọ wà nínú rẹ́jístà títí tó fi máa padà.