Dátábéèsì lè wá ọ̀rọ̀, kò sì nílò ẹ̀rọ kejì láti ṣe é

Mo tún gbọ́ ọ láìpẹ́ yìí, láti ẹnu ẹni tó yẹ kí ó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: pé nọ́ńbà àti ọjọ́ nìkan ni dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí ní àtẹ-àtẹ, wà fún, pé kò lè wá ọ̀rọ̀, àti pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn oníbàárà ń kọ sínú ẹ̀sùn wọn gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ aṣàwárí ọ̀tọ̀, bíi Elasticsearch, kí ìjábọ̀ rẹ̀ tó lè pé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí jókòó síbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé òfin ni. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí kò ti jẹ́ òótọ́ mọ́.

Nínú àwọn dátábéèsì, SQL Server ti ní ìṣàwárí ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yà 7.0 rẹ̀, èyí tó jáde ní ọdún 1998, Oracle náà sì ti ní tirẹ̀ kí àwọn ọdún 1990 tó parí. PostgreSQL, tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lé lórí, gbé e wọ inú ara rẹ̀ ní ẹ̀yà 8.3 ní ọdún 2008, lẹ́yìn tí Oleg Bartunov àti Teodor Sigaev ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é gẹ́gẹ́ bí àfikún. Ọdún 2010 ni Elasticsearch fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ìdí tí àwọn tó gba èyí gbọ́ máa ń mú wá kò ju ọ̀kan lọ: wọ́n ti fi LIKE, àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ wé ohun tó wà nínú ìlà, wá ọ̀rọ̀ nínú àtẹ ńlá rí, wọ́n sì dúró títí ó fi sú wọn. Kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tí àmì %, tó dúró fún ohunkóhun, bá ṣíwájú ọ̀rọ̀ tí à ń wá, atọ́ka lásán, ìyẹn àkójọ tó ń sọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan wà, kò wúlò mọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ìṣàwárí ọ̀rọ̀. Nínú PostgreSQL, gbólóhùn bíi "Ẹrù mi kò tíì dé láti ọjọ́ Ajé" ni a ó kọ́kọ́ tú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, sínú òpó kan nínú àtẹ, irú èyí tí a ń pè ní tsvector. Atọ́ka GIN yóò wá to nọ́ńbà gbogbo ìlà tó ní "ẹrù" sí abẹ́ "ẹrù", gbogbo èyí tó ní "dé" sí abẹ́ "dé". Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ka ẹ̀sùn kankan ní àkàtúnkà. Abẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré ni dátábéèsì yóò wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù lọ ni ìjábọ̀ òwò. Ẹ wo irú ìbéèrè tí ọ̀gá àwọn olùtajà máa ń béèrè: nínú àwọn oníbàárà tó ra ọjà tó lé ní mílíọ̀nù kan náírà láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn wo ló kọ̀wé pé ẹrù àwọn kò tètè dé, eélòó ni wọ́n sì ti rà lẹ́yìn ìgbà náà, ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Ìdajì ìdáhùn wà nínú àtẹ títà, ìdajì kejì wà nínú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ. Bí méjèèjì bá wà nínú dátábéèsì kan náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ní SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ni, dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni yóò sì wo èyí tó máa dín iye ìlà kù jù nínú ọ̀rọ̀ àti owó, kí ó lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti pín wọn sí ibi méjì, a ó kọ́kọ́ wá nọ́ńbà àwọn oníbàárà nínú ẹ̀rọ aṣàwárí, a ó kó wọn jáde, a ó sì rọ́ wọn sínú ìbéèrè mìíràn.

Mo ti rí ibi tí èyí gbé àwọn ènìyàn dé. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, iye ẹ̀sùn lórí ẹrù tó pẹ́ máa ń jẹ́ 10,000 géérégé, oṣù wọlé, oṣù jáde, kò sì sí ẹni tó fura. Láti ẹ̀yà 7.0 Elasticsearch, tó jáde ní ọdún 2019, kíka náà máa ń dúró ní 10,000 àyàfi bí a bá sọ fún un pé kó kà á tán. Bí a kò bá sì yí ìṣètò rẹ̀ padà, kò ní jẹ́ kí a ṣí ojú-ewé èsì kọjá iye yẹn. Nítorí náà, ìdajì orúkọ ni wọ́n ń kó lọ bá àtẹ títà, wọ́n sì ń fi ìjábọ̀ tó tibẹ̀ jáde pinnu ìpínlẹ̀ tí ọkọ̀ ìkẹ́rù yóò pọ̀ sí. Ìwé àlàyé Elasticsearch pàápàá kò fi í pamọ́ pé bí dátà bá wà ní shard púpọ̀, ìyẹn ìpín tí a pín in sí, iye tí terms aggregation, tó ń ka ohun lábẹ́ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ń mú wá lè má péye, àti pé cardinality, tó ń ka iye ohun tó yàtọ̀ síra, ìfojúdá ni. Ẹni tó ń wá ìròyìn kà kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí àpapọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti akáǹtáǹtì mu yóò mọ̀ ọ́n lára gidigidi.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀dà méjì kì í dọ́gba pẹ́. Oníṣòwò tó bá ń kọ gbèsè sínú ìwé méjì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan yóò sọ pé Ìyá Bísí ti san, tí èkejì yóò sọ pé kò tíì san. Láti ẹ̀yà 12 PostgreSQL, òpó tsvector lè máa ṣe ara rẹ̀ lọ́tun ní ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, nínú ìdúnàádúrà (transaction) kan náà, ìyẹn àwọn ìyípadà tó máa ń wọlé pa pọ̀ tàbí kí wọ́n má wọlé rárá. Bí a bá pa ẹ̀sùn kan rẹ́, kò sí ibòmíràn tí yóò ṣẹ́kù sí. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní kí a pa dátà òun rẹ́, ẹ sì fojú inú wo bí a ó ṣe máa wá ẹ̀dà kiri.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló lè gbọ́ èdè wa. Irọ́ ni. Wàhálà èdè Yorùbá kan náà ló ń dúró de méjèèjì: lẹ́tà ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, nítorí náà àtẹ-bọ́tìnnì kan lè kọ ọ́ ní ọ̀nà kan, kí òmíràn kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn, kí kọ̀ǹpútà sì rí i bí ọ̀rọ̀ méjì. PostgreSQL ní normalize, tó ń sọ àwọn ọ̀nà kíkọ wọ̀nyí di ọ̀kan, fún èyí láti ẹ̀yà 13. Bí a bá sì bọ́ gbogbo àmì kúrò nítorí àwọn tí kì í fi àmì sọ́rọ̀, "pẹ́", "pè" àti "pé" di ohun kan náà, gbogbo ẹ̀sùn tó bá sì ní "mo gbọ́ pé" nínú yóò jáde bí ẹni pé ti ẹrù tó pẹ́ ni. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń tọ́jú òpó méjì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, èkejì láìsí àmì, mo sì ń fi pg_trgm, àfikún PostgreSQL tó ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe jọra tó, wá orúkọ tí a ṣì kọ, bíi Oluwasheun fún Olúwaṣeun.

Mo gbà pé ibi tí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ti tọ́ wà: bí àkọsílẹ̀ bá pọ̀ kọjá agbára kọ̀ǹpútà kan, tàbí bí títo èsì bá jẹ́ gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé ts_rank, tí PostgreSQL fi ń to èsì, kì í wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ṣọ̀wọ́n tó nínú gbogbo àkójọ. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń tà á fún kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé owó ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, kí ó fi òpó tsvector kún àtẹ ẹ̀sùn, kí ó fi atọ́ka GIN sí i, kí ó sì fi EXPLAIN ANALYZE, àṣẹ tó ń fi hàn bí dátábéèsì ṣe ṣe ìbéèrè, ṣáájú ìbéèrè tó wúwo jù lọ, lórí dátà gidi. Bí "Bitmap Index Scan" bá hàn lórí òpó náà, atọ́ka ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ "Seq Scan", ìyẹn kíka ìlà kọ̀ọ̀kan, ló hàn lórí àtẹ ńlá tí ọ̀rọ̀ tí à ń wá kò wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, kí ó yẹ ìbéèrè náà wò dáadáa: nínú èyí tó pọ̀ jù tí mo ti bá pàdé, LIKE ni wọ́n ṣì kọ síbẹ̀.